Ẹ̀rọ Tí Ń Fọ́n Ajílẹ̀: Bí A Ṣe Lè Ṣe É Tí Owó Wa Kò Fi Ní Ṣòfò

Àgbẹ̀ tí ó bá ra ajílẹ̀ òyìnbó mọ̀ pé owó ńlá ni òun gbé wá sí oko. Ṣùgbọ́n bí àpò bá ti dé oko, ó ku iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí nǹkan. Iṣẹ́ náà ni bí a ó ti fọ́n ọn tí yóò fi kárí ilẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ṣe àlàyé ẹ̀rọ kan tí katakata ń fà lẹ́yìn, tí ó sì ń da ajílẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ.

A kò sọ pé kí gbogbo yín lọ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láti òkè òkun. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ mọ bí a ti ń ro ó, kí jórinjórin ìlú yín lè ṣe é, kí ẹ̀yin fúnra yín sì lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà, tí ó sì mọ ìṣirò díẹ̀, kò yẹ kí ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí pé ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán.

KÍ NI FÍFỌ́N TÍ KÒ DỌ́GBA Ń FÀ?

Ẹ wo oko àgbàdo tí wọ́n fi ìkánjú fọ́n ajílẹ̀ sí. Ẹ ó rí ibi kan tí ewé rẹ̀ dúdú minimini. Ẹ ó rí ibòmíràn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sí i, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, tí ọmọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà ni, irúgbìn kan náà ni, òjò kan náà ni ó rọ̀ sí i. Ọwọ́ tí ó fọ́n ajílẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ibi tí ajílẹ̀ kò dé, ebi ń pa irúgbìn níbẹ̀. Ibi tí ó pọ̀ jù náà kò sàn. Ajílẹ̀ òyìnbó dà bí iyọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù lẹ́bàá gbòǹgbò, á máa fa omi jáde lára irúgbìn kékeré títí tí yóò fi jó gbẹ. Bí irúgbìn kò bá sì jó, ó lè ga fíofío kí igi rẹ̀ rọ̀, kí afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo sì dà á wó. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjì ni a fi ń pàdánù. A pàdánù níbi tí ó kéré, a tún pàdánù níbi tí ó pọ̀.

Ajílẹ̀ òyìnbó kì í ṣe ohun àná. Ní 1842 ni John Bennet Lawes gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣe irú kan tà. Ní 1909 ni Fritz Haber, ará Jámánì, fi hàn pé a lè mú náítírójìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ kí a sì sọ ọ́ di ohun tí a lè fi ṣe ajílẹ̀. Ní 1913, ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní Oppau ní Jámánì. Ní orílẹ̀-èdè wa lónìí, ilé iṣẹ́ yùríà ńlá wà ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt. Òmíràn wà ní Lẹ́kìí ní ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2022. Síbẹ̀, bí ilé iṣẹ́ bá sún mọ́ wa tó o, ajílẹ̀ tí a kò fọ́n dáadáa, òfò ni.

Ẹ KỌ́KỌ́ KA ARA ÀPÒ

Kí ẹ tó ro ẹ̀rọ, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara àpò. Bí ẹ bá rí NPK 15-15-15, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 100 kílò, 15 jẹ́ náítírójìn, 15 jẹ́ ti fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, 15 jẹ́ ti pòtásíọ̀mù, bí àwọn tí ó ṣe é ti ń kà á. Àpò kan jẹ́ 50 kílò. Nítorí náà, kílò 7½ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò kan. Bí ó bá jẹ́ 20-10-10, náítírójìn inú àpò jẹ́ kílò 10, àwọn méjì yòókù jẹ́ kílò 5, 5. Yùríà ní tirẹ̀ jẹ́ 46. Náítírójìn inú àpò rẹ̀ kan jẹ́ kílò 23, kò sì sí àwọn méjì yòókù nínú rẹ̀.

Ẹ rí i pé àpò yùríà kan ní náítírójìn ju ìlọ́po mẹ́ta ti àpò NPK 15 lọ. Ẹni tí kò bá ka ara àpò, tí ó ń fọ́n méjèèjì bákan náà, yóò jó oko rẹ̀.

GÍRÁÀMÙ MÉLÒÓ NI YÓÒ BỌ́ SÍ MÍTÀ KAN?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Bí àwọn ará ágíríìkì bá sọ fún yín pé kí ẹ lo àpò 4 sí hẹ́kítà 1, èyí jẹ́ 200 kílò. Hẹ́kítà 1 jẹ́ mítà 100 ní gígùn àti mítà 100 ní ìbú. 100 lọ́nà 100 jẹ́ 10,000. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú wà níbẹ̀ ní 10,000.

200 kílò jẹ́ 200,000 gíráàmù. Ẹ pín in sí ọ̀nà 10,000. Ó jẹ́ 20 gíráàmù fún ilẹ̀ mítà kan sí mítà kan. 20 gíráàmù kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ṣé ẹ rí ìdí tí ọwọ́ fi ń ṣìṣe? Ó ṣòro kí ènìyàn máa fi ọwọ́ fọ́n ohun tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ sórí ilẹ̀ tó báyẹn, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí ó má yẹ̀.

A fi àpò 4 ṣe àpẹẹrẹ ni o. Kì í ṣe pé iye tí ó yẹ oko yín nìyẹn. Ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀, irúgbìn sì yàtọ̀ sí irúgbìn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ilẹ̀ wò.

IRÚ Ẹ̀RỌ MÉJÌ

Irú méjì ni ẹ̀rọ tí ń fọ́n ajílẹ̀ tí ó wọ́pọ̀. Irú kìíní ní àwo irin kan nísàlẹ̀ tí ń yí kíákíá. Ajílẹ̀ ń bọ́ sórí àwo náà, àwo á sì gbọ̀n ọ́n dànù síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fún irúgbìn. Irú yìí yára, ó sì ń kárí ilẹ̀ tí ó gbòòrò lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Èyí tí ó bọ́ sí àárín máa ń pọ̀ ju ti etí lọ. Hóró tí ó wúwo á fò jìnnà, hóró tí ó fúyẹ́ á bọ́ nítòsí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń fẹ́, á gbé apá kan lọ. Ẹni tí ó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìrìn kan máa gun orí èkejì, kí ó tó lè dọ́gba.

Irú kejì jẹ́ àpótí gbọọrọ tí ó ní ihò nísàlẹ̀. Kì í ju nǹkan. Ó kàn ń da ajílẹ̀ sílẹ̀ tààrà lábẹ́ ara rẹ̀ ni. Ibi tí ó gbà kọjá ni ajílẹ̀ bọ́ sí, kò kọjá ibẹ̀. Ó lọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún jórinjórin láti ṣe, ó sì rọrùn láti mọ iye tí ó ń dà. Irú kejì yìí ni a ó ṣàlàyé.

ÀPÓTÍ

Ẹ da ajílẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kò ní dúró gogoro, kò sì ní tẹ́ pẹrẹsẹ. Yóò ṣe òkìtì kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí yín bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ti òkìtì yìí, ajílẹ̀ yóò jókòó sí ara rẹ̀, kò ní ṣàn. Ẹ̀gbẹ́ àpótí gbọ́dọ̀ dúró gagaaga ju ti òkìtì náà lọ dáadáa.

Ìwọ̀n tí a lè lò nìyí. Kí àpótí gùn ní mítà 2. Kí ẹnu rẹ̀ lókè fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 40, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 10, kí ó sì ga ní sẹ̀ntímítà 40. Àpótí bẹ́ẹ̀ yóò gba lítà 200. Lítà kan NPK wúwo tó kílò kan tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Nítorí náà, àpò 4 ni yóò kún un, èyí sì tó hẹ́kítà 1 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wa. Yùríà fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò lọ. Nǹkan bí àpò 3 rẹ̀ ni yóò kún àpótí kan náà.

Kí páànù àpótí nípọn tó mílímítà 2, nítorí pé ajílẹ̀ ń jẹ irin. Ẹ fi asẹ́ irin sí ẹnu rẹ̀ lókè, kí ajílẹ̀ tí ó ti dì gbagidi má baà wọlé lọ dí ihò. Ẹ tún ṣe ìdérí fún un. Ajílẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti tutù, yóò lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò sì ní ṣàn mọ́.

KÓŃGÒ INÚ Ẹ̀RỌ

Ibí yìí ni ọgbọ́n ẹ̀rọ náà wà. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àwọn kan máa ń lu ihò sí ìdí àpótí, wọ́n á sì ní iṣẹ́ parí. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ń da ajílẹ̀ bí omi ti ń jò nínú agolo. Bí katakata bá sáré, ajílẹ̀ tí ó bọ́ sórí mítà kan á kéré. Bí katakata bá lọ́ra níbi tí ilẹ̀ le, ajílẹ̀ á pọ̀. Bí ó bá dúró, á da òkìtì sílẹ̀. Ohun tí a sá fún ni a tún padà bá.

Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀rọ máa wọn ajílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrìn táyà. Ẹ ro obìnrin tí ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà lọ́jà. Ó lè yára wọ̀n ọ́n, ó sì lè rọra wọ̀n ọ́n. Kóńgò mẹ́wàá kò ní di mọ́kànlá nítorí pé ó yára. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe kóńgò sínú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá irin tí ó so táyà méjèèjì gba inú ìdí àpótí kọjá. Lára ọ̀pá náà, ẹ de igi rìbìtì 10 mọ́ ọn, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ntímítà 20. Igi líle tàbí rọ́bà líle dára fún un, torí pé ajílẹ̀ kì í jẹ wọ́n bí ó ti ń jẹ irin. Kí igi kọ̀ọ̀kan nípọn ní sẹ̀ntímítà 5, kí ó sì gùn ní sẹ̀ntímítà 4. Ẹ gbẹ́ ojú ìlà 8 sí ara rẹ̀ yíká. Kí ojú ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 8, kí ó sì jìn ní mílímítà 4.

Abẹ́ igi rìbìtì kọ̀ọ̀kan ni ihò wà. Kí àlàfo tí ó wà láàárín igi àti páànù kéré ju hóró ajílẹ̀ kan lọ, kí ajílẹ̀ má baà jò fúnra rẹ̀. Bí ọ̀pá bá ń yí, ajílẹ̀ yóò bọ́ sínú ojú ìlà lókè, igi á gbé e yí, á sì dà á sínú ihò nísàlẹ̀. Bí táyà bá dúró, igi á dúró, ajílẹ̀ náà á dúró.

Ẹ tún ṣe páànù kékeré kan tí ó lè bo apá kan igi náà. Bí ẹ bá bò ó púpọ̀, ajílẹ̀ á dínkù. Bí ẹ bá ṣí i, á pọ̀ sí i. Ohun tí ẹ ó fi máa yí iye ajílẹ̀ padà nìyẹn.

Láàárín igi kan àti èkejì, ẹ jó irin kéékèèké mọ́ ọ̀pá náà kí ó dà bí orógùn. Yóò máa ro ajílẹ̀ bí ọ̀pá ti ń yí, kí ajílẹ̀ má baà gbé ara rẹ̀ ró lókè ihò. Lábẹ́ àwọn ihò, ẹ gbé pátákó kan dàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kan ìṣó kéékèèké sí ojú rẹ̀. Ajílẹ̀ tí ó bá bọ́ sórí rẹ̀ yóò máa kọlu ìṣó, á sì tàn ká kí ó tó kan ilẹ̀. Láìsí pátákó yìí, ìlà tín-ín-rín mẹ́wàá ni ẹ ó rí.

TÁYÀ ÀTI Ọ̀PÁ ÌFÀ

Bí táyà bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 50 láti etí kan dé èkejì, àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 157. Ìyẹn ni pé bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn ju mítà kan ààbọ̀ lọ díẹ̀. Àpótí wa gùn ní mítà 2. Nítorí náà, bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ ti kárí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 3 àti díẹ̀ ní ìwọ̀n. Ní 20 gíráàmù fún mítà kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí ó da nǹkan bí 63 gíráàmù sílẹ̀.

Ẹ má ṣe so táyà méjèèjì mọ́ ọ̀pá irin náà. Bí ẹ̀rọ bá ń yí kọ́nà, táyà tí ó wà lóde ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ọ̀kan yóò máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ so ẹyọ kan mọ́ ọ̀pá, kí ó máa yí i. Kí èkejì máa yí fúnra rẹ̀. Táyà tí ó ń yí ọ̀pá náà, ẹ ṣe ìdè irin kan sí i tí awakọ̀ lè fi okùn tú. Bí ó bá dé ìpẹ̀kun oko, á tú u, táyà á máa yí lásán, ajílẹ̀ kò sì ní máa bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń yíjú padà.

Ọ̀pá tí a ó fi fà á, kí ó jẹ́ irin méjì tí ó pàdé níwájú bí ẹnu ọ̀kọ̀. Ẹ gbé àpótí sí i kí ẹrù rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí ẹrù bá tẹ̀ sẹ́yìn, imú ọ̀pá yóò máa gbéra, yóò sì máa já katakata gbà. Bí ó bá tẹ̀ síwájú jù, katakata ni yóò máa ru gbogbo rẹ̀.

Ẹ DÁN AN WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba ẹ̀rọ. Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ da ajílẹ̀ sínú àpótí. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ara táyà. Ẹ fà á lórí oko títí táyà yóò fi yí ní 10. Ẹ wọn bí ó ti rìn jìnnà tó, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà 10. Táyà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ máa ń tẹ́, nítorí náà iye tí ẹ ó rí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú ìwé. Èyí tí ẹ rí lóko ni kí ẹ lò.

2. Ẹ fi jáàkì gbé e sókè kí táyà tí ń yí ọ̀pá má kan ilẹ̀. Ẹ fi òkúta tì í dáadáa. Ẹ tẹ́ tápọ́lì sábẹ́ àpótí.

3. Ẹ fi ọwọ́ yí táyà ní 20, bí ó ti máa ń yí lóko. Ẹ kó ajílẹ̀ tí ó bọ́ sórí tápọ́lì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n.

Bí àyíká táyà bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 157, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí kílò 1 àti ìdá mẹ́rin. Bí ẹ bá rí kílò 1 ààbọ̀ ńkọ́? Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ da àpò 5 sí hẹ́kítà kan dípò 4. Nínú hẹ́kítà márùn-ún, nǹkan bí àpò 4 ti ṣègbé. Ẹ fi páànù bo igi rìbìtì sí i díẹ̀, kí ẹ sì tún un dán wò títí yóò fi bọ́ sí i.

4. Ẹ tún gbé agolo 10 sábẹ́ ihò 10, kí ẹ yí táyà ní 20. Ẹ gbé agolo wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó yẹ kí wọ́n dọ́gba, nǹkan bí 125 gíráàmù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kún ju èkejì lọ púpọ̀, ẹ pe jórinjórin kí ó wá wò ó. Kì í ṣe ìjà, iṣẹ́ ni.

Nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ajílẹ̀, ẹ tún ìdánwò yìí ṣe. Yùríà fúyẹ́ ju NPK lọ, nítorí náà bí ẹ kò bá yí ohunkóhun padà, ẹ̀rọ kò ní da iye kan náà.

LÓRÍ OKO

Ẹ̀rọ yìí wà fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò ní kùkùté, bí irú èyí tí a ń fi katakata ro ní Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Kò wúlò lórí ebè iṣu. Àkókò tí ó dára jù fún un ni kí a tó gbin nǹkan, kí a sì fi katakata da ilẹ̀ bo ajílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí táyà bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí pẹ́kípẹ́kí, ojú ipa rẹ̀ ni yóò tọ́ yín sọ́nà. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, kí ojú ipa tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, ní apá ibi tí ẹ ti fọ́n tẹ́lẹ̀. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ibẹ̀ kò rí ajílẹ̀ jẹ.

Ẹ má fọ́n yùríà sórí ilẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú oòrùn. Náítírójìn inú rẹ̀ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì fọ́n ajílẹ̀ dé etí odò. Òjò á gbá a lọ sínú omi tí àwọn ènìyàn ń pọn.

OHUN MÍRÀN TÍ A LÈ FỌ́N

Nígbà tí ilẹ̀ bá kan jù, àwọn ará ágíríìkì lè ní kí ẹ fọ́n ẹfun lúbúlúbú sí i. A tún lè fọ́n ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti gbẹ, tí a sì ti gún. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í wọ ojú ìlà kékeré inú igi rìbìtì. Fún wọn, kí jórinjórin ṣe ìdí àpótí kejì tí ó ní ẹnu gbọọrọ àti ilẹ̀kùn tí a lè fà, tí a ó fi bóòtù dè mọ́ ibẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́. Kí ọ̀pá irin rẹ̀ ní orógùn púpọ̀.

Ẹ rántí ohun méjì. Èkíní, ìdí àpótí yìí kì í wọn nǹkan gẹ́gẹ́ bí ìrìn táyà, nítorí náà awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn bákan náà láìyára, láìlọ́ra. Èkejì, ẹfun wúwo ju ajílẹ̀ lọ, ó sì ń gba ilẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọ́n tọ́ọ̀nù 2 sí hẹ́kítà 1, 200 gíráàmù ni fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po 10 ajílẹ̀ tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe kún àpótí dé ẹnu, kí ọ̀pá irin má baà tẹ̀.

ÌTỌ́JÚ ÀTI EWU

Ajílẹ̀ tí ó bá sùn sínú àpótí mọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ jìnnà sí kànga àti odò, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi òróró pa á lára. Ẹ fi gíríìsì sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gun orí àpótí tàbí ọ̀pá ìfà. Ẹni tí ó bá já bọ́ níbẹ̀, abẹ́ táyà ni ó ń lọ. Ẹ má ki ọwọ́ bọ inú àpótí nígbà tí táyà bá ń yí. Bí ihò bá dí, kí awakọ̀ pa katakata kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi aṣọ bo imú nígbà tí ẹ bá ń da àpò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ má fi yùríà sílẹ̀ níbi tí ewúrẹ́ tàbí màlúù lè dé. Wọ́n á lá a bí iyọ̀, á sì pa wọ́n.

TA NI Ó YẸ KÍ Ó NÍ Ẹ̀RỌ YÌÍ?

Ẹni tí oko rẹ̀ kò tó hẹ́kítà kan, kò yẹ kí ó dá ẹ̀rọ yìí ṣe. Owó rẹ̀ kò ní padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ní katakata, tàbí tí ó ń háyà rẹ̀, lè ṣe ẹyọ kan kí gbogbo wọn máa lò ó. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí yóò máa kọ sí: ọjọ́ tí wọ́n lò ó, oko ta ni, àpò mélòó ni ó wọ̀ ọ́, hẹ́kítà mélòó ni ó kárí. Bí àpò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju hẹ́kítà lọ, ìwé yóò fi hàn kí owó tó ṣègbé.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Ìdófìán lẹ́bàá Ìlọrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀rọ àgbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni National Centre for Agricultural Mechanization. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ lè lọ bèèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀.

Bí ẹ bá lọ bá jórinjórin, ẹ mú ìwé yìí dání. Ẹ ka ìwọ̀n rẹ̀ sí i létí, kí ẹ sì sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ó dán ẹ̀rọ wò lórí tápọ́lì kí ẹ tó san owó tí ó kù. Oníṣẹ́ rere kò ní bínú sí i.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ so táyà méjèèjì mọ́ ọ̀pá irin?

2. Kílò mélòó náítírójìn ni ó wà nínú àpò yùríà 2?

3. Báwo ni igi rìbìtì ṣe dà bí kóńgò?

4. Ẹ̀rọ kan gùn ní mítà 1 ààbọ̀. Àyíká táyà rẹ̀ jẹ́ mítà 2. Bí táyà bá yí ní 10, gíráàmù mélòó ni ó yẹ kí ó dà sílẹ̀, bí a bá ń fẹ́ 20 gíráàmù fún mítà kan sí mítà kan? (Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ 600, ẹ ti mọ̀ ọ́n.)

5. Ẹ wá àpò ajílẹ̀ kan ní àdúgbò yín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnìkan tí kò tí ì mọ̀wé kà.